Wọ́n ní kí àbúrò mi wá sí kọ́ọ̀tù àdúgbò ní Brooklyn: kí ni ká ṣe?

Mọ́rẹ́nikẹ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, mo ń wá ìmọ̀ràn kíákíá. Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 19, ni ọlọ́pàá mú nínú ṣọ́ọ̀bù kan ní Brooklyn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ki íapíìsì bọ àpò jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kò sanwó. Kò purọ́ fún mi, ó ní òun ṣe é. Wọn ò tì í mọ́lé sùn. Wọ́n fún un ní ìwé kan tí wọ́n ń pè ní DAT, pé kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sí kọ́ọ̀tù lọ́jọ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀. Kọ́ọ̀tù náà ni Red Hook Community Justice Center.

Ẹnì kan níbi iṣẹ́ mi ní kí n má fòyà, pé ibẹ̀ kì í fi èèyàn sẹ́wọ̀n, iṣẹ́ àdúgbò ni wọ́n máa ń fúnni ṣe. Ó ní, "Kó ṣáà sọ pé òun jẹ̀bi, kó lọ gbálẹ̀, ó parí." Ọkàn mi ò gbà á. Green card ló wà lọ́wọ́ àbúrò mi, kò tíì di ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Màmá wa ò sì tíì gbọ́. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà yìí rí, ẹ bá mi sọ ohun tí ẹ mọ̀.

Àgbà Ògbufọ̀

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Kọ́kọ́ fọkàn balẹ̀ ná. Ẹni tó fún ẹ nímọ̀ràn yẹn ò ní ibi lọ́kàn, ṣùgbọ́n ohun tó sọ lè kó bá ọmọ yẹn. Mo ṣe ògbufọ̀ ní àwọn kọ́ọ̀tù New York fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì dé Red Hook ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ohun tí ojú mi rí ni màá sọ.

Ilé ìwé Kátólíìkì tí wọ́n ti pa tì ni ilé náà tẹ́lẹ̀. Lọ́dún 1992, Patrick Daly, ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Red Hook, jáde lọ wá ọmọ ilé ìwé rẹ̀ kan tó ti fi kíláàsì sílẹ̀. Ìbọn tí àwọn ọmọ tó ń ta oògùn olóró ń yìn síra wọn ló bá a, ó sì kú. Ikú yẹn ká gbogbo àdúgbò lára. Inú ìpàdé tí wọ́n bá àwọn ará àdúgbò ṣe lẹ́yìn rẹ̀ ni èrò kọ́ọ̀tù yìí ti dàgbà, ó sì ṣílẹ̀kùn lọ́dún 2000. Midtown Community Court ní Manhattan, tó ti ṣí lọ́dún 1993, ni wọ́n wò kọ́ṣẹ́.

Adájọ́ kan ṣoṣo ló ń gbọ́ ẹjọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kéékèèké, ẹjọ́ ìdílé, àti ẹjọ́ onílé pẹ̀lú ayálégbé níbẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún láti ìgbà tó ti ṣí, Adájọ́ Alex Calabrese ló jókòó síbẹ̀. Àga adájọ́ ò ga fíofío bíi ti ibòmíràn. Wọ́n dìídì ṣe é kí ojú rẹ̀ àti ojú ẹni tó dúró níwájú rẹ̀ lè ṣe déédéé. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dúró níbẹ̀, mi ò mọ ibi tí màá gbójú sí, torí ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń gbójú sókè wo adájọ́. Ibi tí wọ́n ń fi àwọn tí wọ́n tì mọ́lé sí, gíláàsì tó nípọn ló wà níwájú rẹ̀, kì í ṣe irin. Ẹni tí oògùn ti di bárakú fún, ẹni tó ń wá iṣẹ́, ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀, ẹni tí onílé fẹ́ lé jáde, inú ilé kan náà ni ìrànwọ́ gbogbo wọn wà. Bí adájọ́ bá ní kó o lọ rí wọn, o ò ní jáde síta kó o tó rí wọn.

Gbogbo ìyẹn dáa. Ṣùgbọ́n kọ́ọ̀tù ni kọ́ọ̀tù ń jẹ́. Agbẹjọ́rò ìjọba wà níbẹ̀, ìwé ẹ̀sùn wà níbẹ̀. Kí àbúrò rẹ má sọ "mo jẹ̀bi" fún ẹnikẹ́ni títí yóò fi bá lọ́yà rẹ̀ sọ̀rọ̀ lójúkojú. Bí kò bá lówó lọ́yà, ìjọba máa fún un ní ọ̀kan lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun àkọ́kọ́ tó máa sọ fún lọ́yà yẹn nìyí: "Green card ni mo ní. Mi ò tíì di ọmọ ilẹ̀ yìí." Kó sọ ọ́ kí wọ́n tó béèrè.

Ọmọ Agbẹjọ́rò

Ẹ kú àlàyé, sà. Màá gbà á níbi tí bàbá bá a dé. Ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi kọ́ ni lọ́yà yín o, ẹ mú ohun tí mo bá sọ lọ bá lọ́yà yín.

Àǹtí Mọ́rẹ́nikẹ́, òfin méjì ló máa wo ẹjọ́ yìí, ojú wọn ò sì jọra. Ìpínlẹ̀ New York lè ní, "Ó ti ṣe iṣẹ́ àdúgbò rẹ̀, a ti pa fáìlì rẹ̀ dé." Ìmígírésọ̀n jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. Lójú tiwọn, bí èèyàn bá ti lè sọ pé òun jẹ̀bi, tí adájọ́ sì fún un níyà kankan tàbí tó dè é lọ́nà kankan, wọ́n ti dá a lẹ́bi nìyẹn. Iṣẹ́ àdúgbò lè wà lára ìyà yẹn. Kódà bí kọ́ọ̀tù bá padà fa ẹjọ́ náà ya torí pé ó ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ní kó ṣe, ọ̀rọ̀ "mo jẹ̀bi" tó ti sọ kò kúrò nílẹ̀ lójú ìmígírésọ̀n. Olè jíjà sì sábà máa ń bọ́ sínú àwọn ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n kà sí èyí tó lòdì sí ìwà ọmọlúàbí, ìyẹn ló sì máa ń dá àwọn onígreen card lóró.

Ohun tí ẹ máa bi lọ́yà ni ACD (adjournment in contemplation of dismissal), ìyẹn ni pé kí wọ́n sún ẹjọ́ síwájú kí wọ́n lè fà á ya. Ó wà nínú òfin ìlànà ẹjọ́ ọ̀daràn New York, abala 170.55. Àbúrò yín ò ní sọ pé òun jẹ̀bi. Wọ́n á sún ẹjọ́ náà síwájú, fún oṣù 6 lọ́pọ̀ ìgbà. Bí kò bá tún kó sí wàhálà, tó sì ṣe ohun tí adájọ́ ní kó ṣe, wọ́n á fa ẹjọ́ náà ya, wọ́n á sì dí àkọsílẹ̀ rẹ̀ pa. Adájọ́ lè fi iṣẹ́ àdúgbò tàbí ìdálẹ́kọ̀ọ́ kún un. Òfin náà fúnra rẹ̀ sọ pé ACD kì í ṣe ìdálẹ́bi, kì í sì í ṣe ìjẹ́wọ́. Ẹ rí i báyìí pé iṣẹ́ àdúgbò kan náà, ìgbálẹ̀ kan náà, lè bá ọ̀nà méjì wá. Ọ̀kan lè lé èèyàn kúrò nílùú, èkejì kì í ṣe ìdálẹ́bi.

Wọ́n tún lè fi "disorderly conduct" lọ̀ ọ́, ìyẹn ẹ̀sùn kékeré pé èèyàn da àlàáfíà ìlú rú. New York ò ka ìyẹn sí ìwà ọ̀daràn, torí náà ó máa ń dùn létí. Síbẹ̀, "mo jẹ̀bi" ṣì wà nínú rẹ̀. Kí lọ́yà kọ́kọ́ wò ó dáadáa. Láti ọdún 2010 ni Kọ́ọ̀tù Gíga Jùlọ Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ nínú ẹjọ́ Padilla v. Kentucky pé ó di dandan kí lọ́yà ẹjọ́ ọ̀daràn sọ fún oníbàárà rẹ̀ bí ẹjọ́ náà ṣe máa kan ìwé ìgbélùú rẹ̀. Ẹ̀tọ́ yín ni ẹ ń béèrè, ẹ má tijú.

Táíwò BK

Ẹ̀gbọ́n, ṣé wọ́n ti pè é nípa ètò kan tí wọ́n ń pè ní Project Reset? Ó wà fún àwọn tí wọ́n fún ní DAT fún ẹ̀ṣẹ̀ kékeré. Wọ́n máa ń pe èèyàn kí ọjọ́ kọ́ọ̀tù tó pé. Bó o bá lọ síbi ìdálẹ́kọ̀ọ́ wọn, o lè má dé iwájú adájọ́ rárá, agbẹjọ́rò ìjọba ò ní gbé ẹjọ́ náà. Ọ̀rẹ́ mi ṣe tiẹ̀ ní Brooklyn Museum, iṣẹ́ ọnà ni wọ́n fi kọ́ wọn. Ó kọ́kọ́ rò pé oníjìbìtì ló ń pe òun, ó já fóònù mọ́ wọn létí! Ẹ bá mi wo fóònù àbúrò yín.

Mọ́rẹ́nikẹ́

Ẹ ṣé gan-an, Àgbà. Ẹ ṣé, Ọmọ Agbẹjọ́rò, ojú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ là ni. Táíwò, a wo fóònù, ẹnikẹ́ni ò pè. A ti rí lọ́yà ọ̀fẹ́ kan bá sọ̀rọ̀, òun náà béèrè Project Reset, wọn ò gbà á fún ẹjọ́ tiwa. Nítorí náà a máa dé kọ́ọ̀tù. Ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ àdúgbò yìí rí, báwo ló ṣe máa ń rí?

Sùúrù

Èmi ṣe é. Mi ò ní dárúkọ kọ́ọ̀tù, torí mo ní ẹjọ́ díẹ̀ tí mo fẹ́ rò nípa rẹ̀. Ọjọ́ 5 ni wọ́n fún mi. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni wọ́n ní ká dé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọkọ̀ ojú irin dúró lójú ọ̀nà, mo dé ní mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú 25. Ọ̀gá tó ń kó wa jáde ti pe orúkọ tán. Mo rí orúkọ mi nínú ìwé tó gbé lọ́wọ́, ó ti fàlà pupa sí i. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní òun ò láṣẹ. Ọjọ́ yẹn ò wọlé sí kíkà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ibi iṣẹ́ mi yí aago mi padà, mi ò lọ, mi ò sì pe ẹnikẹ́ni. Mo rò pé màá ṣe é lọ́jọ́ mìíràn. Kí n tó mọ̀, adájọ́ ti fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n mú mi wá. Àánú tí mo ti rí gbà tẹ́lẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Lọ́yà mi ló ní kí n fẹsẹ̀ ara mi wọlé kí ọlọ́pàá tó wá mi kàn nílé, ìyẹn ló sì kó mi yọ.

Ohun tó dùn mí ni pé kò sẹ́ni tó sọ fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ẹni tí màá pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Torí náà, kí àbúrò yín gba nọ́ńbà ẹni náà kó tó kúrò nínú ilé yẹn. Kó wọ bàtà tó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ lópin ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, kó ya fọ́tò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ kó fi ránṣẹ́ sí lọ́yà.

Iṣẹ́ náà ò le. Ògiri kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìṣeré ọmọdé, wọ́n ti kọ ìkọkúkọ sí i láti òkè délẹ̀. Ọ̀dà aláwọ̀ eérú la fi kùn ún, ẹ̀ẹ̀mejì, torí dúdú tó wà nísàlẹ̀ ń yọ jáde. Ìyá àgbà kan ń fa kẹ̀kẹ́ ọjà rẹ̀ kọjá, ó dúró, ó wò wá títí. Ó ní ọjọ́ ti pẹ́ tóun ti ń wo èébú yẹn látojú fèrèsé òun. Kò mọ̀ pé ẹjọ́ ló gbé wa débẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tọ́ka sí wa bó ṣe ń dúpẹ́. Mi ò lè gbàgbé obìnrin yẹn.

Ìyá Ìbejì

Mọ́rẹ́nikẹ́, ìyá ni mí, jẹ́ kí n bá ẹ sọ ti apá kejì, torí gbogbo èèyàn ti sọ ti lọ́yà àti ti iṣẹ́. Kí ìjókòó tó parí, wọ́n lè ní kí ẹnì kan fọ̀rọ̀ wá àbúrò rẹ lẹ́nu wò. Social worker ni wọ́n ń pè é. Àkọ́bí mi lọ síbẹ̀ lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, oògùn ló sọ ọ́ di olè. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé obìnrin yẹn ò kọ́kọ́ bi òun ní ohun tóun jí. Ó ní, níbo lo sùn lálẹ́ àná? Ìgbà wo lo jẹun kẹ́yìn? Ta ló ń retí ẹ nílé? Orí ìbéèrè kẹta yẹn lọmọ mi ti bú sẹ́kún. Mo ti ń pariwo lé e lórí fún ọdún kan ààbọ̀, mò ń bi í pé kí ló dé tó ń ṣe mí báyìí. Mi ò bi í rí níbi tó ń sùn sí.

Kó sòótọ́ nínú yàrá yẹn nípa ìlera rẹ̀, ilé ìwé rẹ̀, oorun rẹ̀. Ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ bi lọ́yà rẹ̀ léèrè pé èwo nínú ọ̀rọ̀ tí òun bá sọ níbẹ̀ ló lè dé etí agbẹjọ́rò ìjọba. Ti ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, lọ́yà ni kó sọ ọ́ fún. Bí wọ́n bá sì fẹ́ fún un ní ìdálẹ́kọ̀ọ́ tó máa bọ́ sí àkókò kíláàsì rẹ̀, kó sọ ọ́ níbẹ̀ níbẹ̀ kí wọ́n wá àkókò mìíràn. Kó má fi ìtìjú gba ohun tí kò ní lè ṣe.

Ìwọ náà, bá a lọ. Jókòó síbi tí adájọ́ ti lè rí ẹ. Ọmọ mi ṣubú lẹ́ẹ̀mejì kó tó dúró. Lẹ́ẹ̀mejèèjì ni adájọ́ pè é padà, lẹ́ẹ̀mejèèjì ni mo wà ní ìlà kejì.

Kọ́lá

Mo fẹ́ kí a sọ nǹkan kan síta, ẹ má bínú. Mo fara mọ́ irú kọ́ọ̀tù yìí, ṣùgbọ́n ẹrù ìrànwọ́ lè wúwo ju ẹrù ìyà lọ nígbà mìíràn. Ẹnì kan wà tí kọ́ọ̀tù mìíràn ì bá fa ẹjọ́ rẹ̀ ya lọ́jọ́ kan, kó máa lọ ilé rẹ̀. Nítorí pé ibí yìí ní ìrànwọ́ púpọ̀ láti fúnni, wọ́n lè so ó mọ́ ètò oṣù mẹ́ta, bó bá sì kọsẹ̀ nínú ètò yẹn, ẹ̀wọ̀n ló kàn. Ìbéèrè méjì ni kí ẹ bi lọ́yà. Irú ẹjọ́ báyìí, kí ni wọ́n máa ń fún èèyàn ní kọ́ọ̀tù àárín Brooklyn, kọ́ọ̀tù ọ̀daràn tí kì í ṣe ti àdúgbò? Bí ọmọ yìí ò bá sì lè parí ohun tí wọ́n fún un, kí ló máa gbẹ̀yìn rẹ̀, ẹ̀wọ̀n ọjọ́ mélòó? Kí wọ́n dá a lóhùn ìkejì yẹn kó tó gba ohunkóhun. Kí lọ́yà sì wo ẹ̀sùn náà bí ẹ̀sùn: ṣé ó ti kọjá ibi ìsanwó nígbà tí wọ́n mú un? Ṣé wọ́n ní fídíò? Nítorí pé kọ́ọ̀tù lójú àánú kò ní kéèyàn sọ ẹ̀tọ́ rẹ̀ nù.

Àgbà Ògbufọ̀

Kọ́lá, òótọ́ lo sọ, mo ti rí irú rẹ̀. Àmọ́ jẹ́ kí n fi òṣùwọ̀n kan lé e. National Center for State Courts, àjọ kan tó ń ṣèwádìí nípa iṣẹ́ àwọn kọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà, gbé àbájáde ìwádìí wọn lórí Red Hook jáde lọ́dún 2013. Níbẹ̀, 78 nínú 100 àwọn tí wọ́n bá ní ẹ̀bi ló gba iṣẹ́ àdúgbò tàbí ìrànwọ́. Ní kọ́ọ̀tù àárín Brooklyn, 22 ni. Wọ́n rí i pé àwọn àgbàlagbà tó gba Red Hook kọjá kì í padà sínú ìwà ọ̀daràn tó àwọn tó lọ sí kọ́ọ̀tù kejì. Iye àwọn tó padà fi ìdá 10 nínú 100 kéré sí ti kọ́ọ̀tù kejì, tàwọn ọ̀dọ́ sì fi ìdá 20 kéré. Ohun tí wọ́n tọ́ka sí gan-an ni pé àwọn èèyàn gbà pé wọ́n gbọ́ tẹnu àwọn, wọn ò sì fi ojú ẹranko wo àwọn. Ìyẹn ò fi hàn pé ìbéèrè rẹ méjèèjì ò pọn dandan. Kí wọ́n bi wọ́n.

Dúpẹ́ Melbourne

Ní tiwa níbí, Neighbourhood Justice Centre wà ní Collingwood láti ọdún 2007. Red Hook ni wọ́n wò ṣe é, ó sì jọ ọ́ gan-an. Lọ́yà, ìrànwọ́ ọ̀rọ̀ ilé, ti oògùn, gbogbo rẹ̀ wà lábẹ́ òrùlé kan. Ìmọ̀ràn mi ò pọ̀: ẹ jẹun kí ẹ tó lọ, ẹ tètè dé, ìdúródè lè gba gbogbo ọjọ́.

Mọ́rẹ́nikẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má bínú pé mo dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. A ti lọ, a ti bọ̀.

"Disorderly conduct" pẹ̀lú iṣẹ́ ọjọ́ 2 ni agbẹjọ́rò ìjọba kọ́kọ́ fi lọ̀ wá, gẹ́gẹ́ bí Ọmọ Agbẹjọ́rò ṣe wí. Àbúrò mi ti ń mi orí sí i kí ìdààmú lè tán. Lọ́yà ní kó dúró. Ó lọ bá wọn sọ̀rọ̀ níta, ó ṣe bí ogún ìṣẹ́jú, ó padà wá pẹ̀lú ACD oṣù 6, ìdálẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ẹ̀kan àti iṣẹ́ àdúgbò ọjọ́ kan. Kò sọ "mo jẹ̀bi" níbì kankan. Àgbà, mo wo àga adájọ́ yẹn, bí ẹ ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ló rí. Ìyá Ìbejì, ìlà kejì ni mo jókòó sí.

Ọmọ Agbẹjọ́rò

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run! Nǹkan kan ṣì kù o. Bí oṣù 6 bá pé, kí ó lọ gba ìwé àbájáde ẹjọ́ lọ́wọ́ akọ̀wé kọ́ọ̀tù, èyí tí wọ́n ń pè ní certificate of disposition, kí ẹ tọ́jú ojúlówó rẹ̀. Fọ́ọ̀mù tó máa fi béèrè láti di ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà máa béèrè bóyá ọlọ́pàá ti mú un rí. Kó dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, kó so ìwé náà mọ́ ọn. Bí wọ́n bá ti dí àkọsílẹ̀ pa ní New York, ìmígírésọ̀n ṣì lè béèrè.

Mọ́rẹ́nikẹ́

Mo ti kọ ọjọ́ náà sára fíríìjì.

Lánàá ló lọ ṣe iṣẹ́ àdúgbò rẹ̀. Ó ya fọ́tò ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí kó tó kúrò níbẹ̀, Sùúrù, ẹ ṣé. Nígbà tó wọlé nírọ̀lẹ́, Màmá wà lórí àga, wọ́n rí ọ̀dà eérú lórí bàtà rẹ̀. Wọ́n ní, "Kí nìyẹn?" Mo ti ń wá irọ́ tí màá pa. Kí n tó lanu, ó ti fa àga mọ́ra, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ wọn, ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan fún yín."